Ibi Tí Ojú Wà Ni Ẹ̀yà Tuntun Ti Ń Hàn

Fáírọ́ọ̀sì kò lè dá pọ̀ sí i fúnra rẹ̀. Ó di dandan kí ó wọ inú sẹ́ẹ̀lì ohun abẹ̀mí kan, bíi ti ènìyàn tàbí ti ẹranko, kí ó gba àkóso àwọn ohun èlò tí ó wà níbẹ̀, kí ó sì fi wọ́n ṣe àdàkọ ara rẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, títí tí àwọn àdàkọ náà yóò fi tú jáde láti lọ wá sẹ́ẹ̀lì mìíràn wọ̀. Ohun tí ó ń dà kọ ní gbogbo ìgbà yìí ni jínómù rẹ̀, èyí tí í ṣe àpapọ̀ gbogbo àṣẹ tí ó ń darí ìṣesí rẹ̀, tí a tò sórí okùn tín-ínrín kan tí ojú lásán kò lè rí. Okùn náà lè jẹ́ DNA, gẹ́gẹ́ bí ti fáírọ́ọ̀sì mpox, ó sì lè jẹ́ RNA, gẹ́gẹ́ bí ti fáírọ́ọ̀sì Kòrónà, ti ibà Lassa àti ti Ebola. Èròjà mẹ́rin péré ni ó ń tún ara wọn tò lórí okùn yìí, àwọn onímọ̀ sì fi lẹ́tà kan dúró fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, nítorí náà jínómù fáírọ́ọ̀sì èyíkéyìí ṣe é kọ sílẹ̀ bí ọ̀wọ́ lẹ́tà gígùn kan. Ti fáírọ́ọ̀sì tí ó fa àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà tó nǹkan bí lẹ́tà 29,900, ti mpox sì tó nǹkan bí 197,000.

Àdàkọ wọ̀nyí kì í bára mu tán ní gbogbo ìgbà. Lẹ́tà kan lè gba ipò òmíràn, díẹ̀ lè já sọnù, òmíràn sì lè wọlé síbi tí kò sí tẹ́lẹ̀. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní ìyípadà jínómù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò já mọ́ nǹkan kan, ọ̀pọ̀ mìíràn sì ń ṣe ìpalára fún fáírọ́ọ̀sì tí ó gbé wọn, ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ìyípadà kan a máa jẹ́ kí fáírọ́ọ̀sì lè lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì dáadáa sí i, tàbí kí ó yẹ̀ sílẹ̀ fún agbára àjẹsára tí ara ti kó jọ láti inú àìsàn tàbí abẹ́rẹ́ tí ó ṣáájú. Èyí tí ó bá rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ yóò tàn ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Nínú fáírọ́ọ̀sì Kòrónà, nǹkan bí ìyípadà méjì lóṣù ni ó ń fìdí múlẹ̀ nínú ìran kọ̀ọ̀kan. Iye yìí kéré, síbẹ̀ ó tó láti fi dá ìdílé kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì.

Ìyípadà tí ó bá ti fìdí múlẹ̀ di ogún fún gbogbo àtọmọdọ́mọ fáírọ́ọ̀sì náà. Bí àbàjà tàbí gọ̀ǹbọ́ ṣe ń sọ ìlú àti ìdílé ẹni láyé àtijọ́ kí onítọ̀hún tó la ẹnu, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyípadà yìí ń sọ ìran tí fáírọ́ọ̀sì kan ti wá, àfi pé olóòlà ní láti kọ ilà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, nígbà tí fáírọ́ọ̀sì ń bí ọmọ tòun ti ilà bàbá rẹ̀, tí ọmọ náà sì ń fi tirẹ̀ kún un. Nípa fífi jínómù kan wé òmíràn, kọ̀ǹpútà lè ya àwòrán igi ìran, nínú èyí tí àwọn fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ní ìyípadà kan náà ń jókòó sórí ẹ̀ka kan náà. Láti ara igi yìí ni a ti ń mọ̀ bóyá àwọn aláìsàn tí wọ́n wà ní wọ́ọ̀dù kan kó àrùn ran ara wọn ni, tàbí bóyá ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni oníkálukú wọn gbà kó o. Nítorí pé ìyípadà ń wáyé ní ìwọ̀n tí kò fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀, iye tí ó ya ẹ̀ka méjì sọ́tọ̀ tún ń sọ bí ó ti pẹ́ tó tí baba ńlá tí ó bí àwọn méjèèjì ti wà, kókó yìí sì ṣe pàtàkì, nítorí òun ni ó ń jẹ́ kí ìwádìí òde òní lè sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ pé àrùn kan wà nílùú.

Ẹgbẹ́ fáírọ́ọ̀sì tí ó pín àkójọ ìyípadà kan náà, tí ó sì yàtọ̀ gedegbe sí àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀, ni à ń pè ní ẹ̀yà tuntun. Iṣẹ́ kíka jínómù láti ara àwọn aláìsàn déédéé, fífi wọ́n wé ara wọn, àti ṣíṣọ́ irú ẹ̀yà tí ó ń yọjú, ibi tí ó wà àti ibi tí ó ń dorí kọ, ni ìṣọ́ jínómù. Ohun kan wà tí ó yẹ kí ẹni tí ó bá ń ka àbájáde irú ìṣọ́ bẹ́ẹ̀ fi sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀: àwòrán ilẹ̀ tí ó ń fi hàn pé ẹ̀yà kan wà níhìn-ín, kò sì sí lọ́hùn-ún, kì í ṣe àwòrán fáírọ́ọ̀sì nìkan, àwòrán àwọn ibi tí ènìyàn ti ń wò ó ni pẹ̀lú. Àìka èyí sí ti dá ìyà tí kò tọ́ fún orílẹ̀-èdè púpọ̀.

Iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ níbi tí àyẹ̀wò lásán parí sí. Òṣìṣẹ́ ìlera yóò fi igi olówùú nu inú imú tàbí ọ̀fun aláìsàn, tàbí kí ó gba ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ara egbò, bí irú àrùn bá ti rí. Bí àyẹ̀wò PCR bá ti fi hàn pé fáírọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀, ìtọ́jú aláìsàn kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n fún ìṣọ́ jínómù, ohun tí ó ṣẹ́ kù nínú ìgò kékeré náà ni ìṣúra. Wọ́n ní láti tọ́jú rẹ̀ sínú òtútù líle, nítorí pé RNA a máa tètè bàjẹ́, àti pé ibi tí iná ọba bá ti ń ṣe ségesège, tí kò sì sí ẹ̀rọ amúnáwá tàbí yìnyín gbígbẹ tí ó tó, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ lè ṣègbé ní òru ọjọ́ kan. Nínú láàbù, wọn yóò lo kẹ́míkà láti fọ́ èèpo fáírọ́ọ̀sì, kí wọ́n lè yọ RNA inú rẹ̀. Wọn yóò sọ RNA náà di DNA, nítorí pé DNA ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń kà. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò sọ ọ́ di púpọ̀ ní ègé-ègé. Ọ̀nà tí ó gbajúmọ̀ jù lọ fún ti Kòrónà ni láti dà á kọ ní ègé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí irinwó lẹ́tà, tí etí ègé kan ń gun orí etí èkejì, kí ó má bàa sí àlàfo nígbà tí wọ́n bá ń tò ó padà.

Kí wọ́n tó kó àwọn ègé náà sínú ẹ̀rọ, wọn a máa so àmì kékeré kan tí ó jẹ́ DNA mọ́ ègé ti aláìsàn kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè ka ti ọ̀pọ̀ ènìyàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láìsí ìdàrúdàpọ̀. Ẹ̀rọ tí ń kà á wà lóríṣiríṣi. Àwọn kan tóbi, wọ́n wọ́n gan-an, wọ́n sì ń ka ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ègé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òmíràn, irú èyí tí wọ́n ń pè ní MinION, kò tóbi ju ohun tí a lè dì mọ́ àtẹ́lẹwọ́ lọ, kọ̀ǹpútà alágbèéká ni wọ́n sì ń so ó mọ́. Ẹ̀rọ kékeré yìí ni àwọn onímọ̀ gbé lọ sí Gíní ní 2015 nígbà tí Ebola ń jà níbẹ̀, tí wọ́n sì ń ka jínómù nítòsí ibi tí àwọn aláìsàn wà dípò kí wọ́n máa fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó. Lẹ́yìn kíkà, kọ̀ǹpútà yóò to àwọn ègé náà padà sórí jínómù àkọ́kọ́ tí a fi ń ṣe òṣùwọ̀n, èyí tí, fún ti Kòrónà, àwọn onímọ̀ Ṣáínà kà láti ara aláìsàn kan ní Wuhan, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Zhang Yongzhen àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Edward Holmes sì gbé jáde fún gbogbo ayé ní oṣù kìíní ọdún 2020. Gbogbo ibi tí lẹ́tà tuntun bá ti yàtọ̀ sí ti òṣùwọ̀n yìí ni wọ́n ń kọ sílẹ̀.

Bí fáírọ́ọ̀sì tí ó wà nínú ìgò bá kéré jù, jínómù náà yóò kún fún ihò, kò sì ní wúlò. Jínómù tí ó pé pàápàá kò wúlò tó bí kò bá sí àlàyé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n gba nǹkan lára aláìsàn, ìlú tí ó ń gbé, ọjọ́ orí rẹ̀, bóyá ó ti rìnrìn àjò, bóyá ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Iṣẹ́ akọ̀wé yìí ni àwọn ènìyàn kì í kà sí, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ tí a kọ ní àṣìṣe kan lè ti gbogbo ẹ̀ka igi ìran sí ibi tí kò yẹ.

Láti láàbù, jínómù ń lọ sí ibi ìkójọpọ̀ tí gbogbo ayé ń lò. Èyí tí ó tóbi jù lọ fún Kòrónà ni GISAID, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2008 nítorí fáírọ́ọ̀sì flu, tí jínómù Kòrónà tí ó wà níbẹ̀ báyìí sì ju mílíọ̀nù 15 lọ. Òfin rẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá lo iṣẹ́ ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni náà, òfin yìí sì ni ó fi ọ̀pọ̀ láàbù ilẹ̀ Áfíríkà lọ́kàn balẹ̀ láti gbé iṣẹ́ wọn síta, nítorí pé kì í ṣe ohun àjèjì kí wọ́n kó nǹkan aláìsàn ní Áfíríkà, kí orúkọ àwọn tí ó kó o má sì hàn nínú ìwé ìwádìí. Láti inú irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ni Nextstrain, tí Trevor Bedford àti Richard Neher dá sílẹ̀, ti ń ya igi ìran tí ẹnikẹ́ni lè wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Andrew Rambaut àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní tiwọn ni wọ́n ṣe ètò orúkọ tí ó ń fi lẹ́tà àti nọ́ńbà hàn bí ìran kan ṣe pín láti ara òmíràn, bíi B.1.1.7 tàbí B.1.525. Àwọn orúkọ yìí tẹ́ onímọ̀ lọ́rùn, ṣùgbọ́n wọn kò rọrùn lẹ́nu aráàlú, àwọn oníròyìn sì ń fi orúkọ orílẹ̀-èdè rọ́pò wọn. Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé fún àwọn ẹ̀yà tí ó ṣe pàtàkì ní orúkọ láti inú álífábẹ́ẹ̀tì Gíríìkì, kí wọ́n lè yé fi orúkọ orílẹ̀-èdè pe àrùn. B.1.1.7 di Alpha. B.1.525, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Nàìjíríà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kejìlá ọdún 2020, di Eta.

Alpha fi hàn bí àmì kékeré ṣe lè di àǹfààní ńlá. Ọ̀kan nínú àwọn àyẹ̀wò PCR tí wọ́n ń lò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń wá ibi mẹ́ta lórí jínómù Kòrónà, ọ̀kan nínú wọn sì wà lórí àbùdá tí ó ń ṣe ẹ̀gún tí fáírọ́ọ̀sì fi ń lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì. Nítorí pé lẹ́tà díẹ̀ ti já sọnù níbẹ̀ lára Alpha, ibi méjì ń hàn, ìkẹta kò hàn. Nípa bẹ́ẹ̀, àbájáde àyẹ̀wò lásán, èyí tí ń jáde lọ́jọ́ kan tàbí méjì, di ohun tí àwọn onímọ̀ fi ń wo bí Alpha ṣe ń gba ìlú kan lẹ́yìn òmíràn láti agbègbè Kent lọ, láìdúró de kíka gbogbo jínómù.

Ọdún kan lẹ́yìn náà ni àmì yìí kan náà tún jáde ní agbègbè Gauteng ní Gúúsù Áfíríkà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, iye àwọn tí ń ṣàìsàn ṣàdédé pọ̀ sí i, láàbù àdáni kan sì kíyè sí i pé ibi ìkẹta kò hàn mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yà Delta tí ó gbòde nígbà náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ka jínómù rẹ̀, wọ́n sì rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí: ìyípadà tí ó ju ọgbọ̀n lọ lórí ẹ̀gún náà nìkan. Láàárín àkókò kan náà, Sikhulile Moyo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Gaborone, lórílẹ̀-èdè Botswana, ti rí i lára àwọn arìnrìn-àjò kan. Ẹgbẹ́ àwọn láàbù Gúúsù Áfíríkà, tí Tulio de Oliveira jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú rẹ̀, kó jínómù jọ láàárín ọjọ́ mélòó kan, ìjọba wọn fi tó Àjọ Ìlera Àgbáyé létí ní ọjọ́ 24, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 26 wọ́n ti pè é ní Omicron. Kò sí ẹ̀yà tí a tíì kéde kíákíá tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ̀san tí wọ́n rí gbà ni pé orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ìhà gúúsù ilẹ̀ Áfíríkà láàárín wákàtí mélòó kan. Kò pẹ́ tí àwọn aláṣẹ ìlera Netherlands fi kéde pé Omicron ti wà nínú ohun tí wọ́n gbà lára àwọn ènìyàn lọ́dọ̀ wọn ní ọjọ́ 19 àti 23 oṣù náà, ìyẹn kí Gúúsù Áfíríkà tó sọ̀rọ̀ rárá. Nàìjíríà náà fara gbá a: Kánádà rí i lára arìnrìn-àjò méjì tí wọ́n ti Nàìjíríà dé, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì fi Nàìjíríà sínú àkójọ àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n kà léèwọ̀ láti ọjọ́ 6 oṣù kejìlá, tí ó fi jẹ́ pé àwọn ọmọ Yorùbá tí ń ti Èkó padà sí Lọ́ńdọ̀nù ní àkókò ọdún ní láti fi owó ara wọn gbé òtẹ́ẹ̀lì ìséra-ẹni-mọ́. Ní ọjọ́ 15 oṣù kan náà, wọ́n yọ gbogbo orílẹ̀-èdè kúrò nínú àkójọ náà, nítorí pé ẹ̀yà náà ti kún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Títi ilẹ̀kùn kò dá Omicron dúró, ó kàn fi kọ́ orílẹ̀-èdè mìíràn pé ẹni tí ó bá tètè sọ̀rọ̀ ni yóò jìyà, ẹ̀kọ́ yìí sì burú ju ẹ̀yà tuntun èyíkéyìí lọ. De Oliveira kìlọ̀ nígbà náà pé bí ọkọ̀ òfuurufú kò bá wọlé, kẹ́míkà tí àwọn láàbù fi ń ka jínómù náà kò ní wọlé.

Ìtàn ti ṣe irú èyí rí. Ní 1918, a fi orúkọ Spéènì pe àjàkálẹ̀ flu nítorí pé orílẹ̀-èdè náà kò sí nínú ogun, tí àwọn ìwé ìròyìn rẹ̀ sì ń sọ òótọ́ nípa àìsàn náà nígbà tí àwọn tí ń jagun ń dí ẹnu tiwọn. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, Jàpáànì ni ó kọ́kọ́ ka ẹ̀yà tí a ń pè ní Gamma, lára àwọn arìnrìn-àjò tí ó ti ìpínlẹ̀ Amazonas ní Bùràsíìlì dé sí pápákọ̀ òfuurufú rẹ̀, nígbà tí ẹ̀yà náà ti ń jà ràn-ìn ní Manaus. Ibi tí a ti kọ́kọ́ rí nǹkan àti ibi tí ó ti ṣẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà.

Ilẹ̀ Yorùbá ní ipa tirẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ní Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi ti darí ibùdó ìwádìí ACEGID, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé. Nígbà tí Ebola wọ Èkó ní oṣù keje ọdún 2014, láàbù Happi kópa pẹ̀lú ti LUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó, nínú fífi ìdí àrùn náà múlẹ̀, ìtètèmọ̀ yìí sì wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ó ju ogún ènìyàn lọ tí ó kó o, tí mẹ́jọ nínú wọn kú, nínú orílẹ̀-èdè tí èrò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní Kòrónà ní Nàìjíríà ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020, arìnrìn-àjò láti Ítálì tí wọ́n tọ́jú ní agbègbè Èkó àti Ògùn, Ẹdẹ ka jínómù rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Èkó àti NCDC, àjọ tí ń ṣàkóso àrùn ní Nàìjíríà, wọ́n sì gbé e síta ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta. Òun ni jínómù Kòrónà àkọ́kọ́ tí a kà ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà.

Ìṣọ́ jínómù tún máa ń wúlò láti fi hàn pé kò sí ẹ̀yà tuntun kankan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, ibà Lassa gbilẹ̀ ní Nàìjíríà ju ti ìgbàkígbà rí lọ, pàápàá jù lọ ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, Òndó àti Ebonyi, ẹ̀rù sì ń ba àwọn aláṣẹ pé bóyá fáírọ́ọ̀sì náà ti yí padà tí ó fi ń tàn láti ara ènìyàn sí ènìyàn. Ní ilé ìwòsàn ìjọba tí ó wà ní Irrua, àwọn onímọ̀ Nàìjíríà àti Jámánì fi MinION ka jínómù láti ara àwọn aláìsàn bí àrùn náà ti ń lọ lọ́wọ́. Àwọn fáírọ́ọ̀sì náà kò jókòó sórí ẹ̀ka kan ṣoṣo. Wọ́n fọ́n ká orí igi ìran, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jọ àwọn tí ó ti ń jà ní àwọn ọdún tí ó ṣáájú. Ìtumọ̀ èyí ni pé láti ara eku ni púpọ̀ nínú àwọn aláìsàn ti kó o, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí náà ibi tí ó yẹ kí ìjọba kọjú sí ni bí eku kò ṣe ní dé inú ilé àti ìdí oúnjẹ.

Mpox ni ó fi òdì kejì hàn, òun náà ni ó sì yẹ kí ó dun ènìyàn jù. Láti àwọn ọdún 1970 ni a kò ti gbọ́ ọ mọ́ ní Nàìjíríà, títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, nígbà tí wọ́n rí i lára ọmọdékùnrin kan ní ìpínlẹ̀ Bayelsa. Èrò gbogbo ènìyàn nígbà náà ni pé inú ẹranko ìgbẹ́ ni ó ń ti wọ ara ènìyàn, pé kò ní jìnnà. Dókítà Dimie Ogoina àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n tọ́jú àwọn aláìsàn náà, kíyè sí i pé àwọn ọ̀dọ́kùnrin ni ó pọ̀ jù nínú wọn, pé egbò náà sì wà ní ojú ara, èyí tí kò bá ohun tí ìwé sọ mu. Ní 2018 ó ti bá arìnrìn-àjò dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ísírẹ́lì. Síbẹ̀, owó tí wọ́n fi ka jínómù rẹ̀ ní Nàìjíríà kéré púpọ̀, títí tí ó fi bẹ́ sílẹ̀ káàkiri ayé ní oṣù karùn-ún ọdún 2022.

Nígbà náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá wo inú jínómù rẹ̀. DNA kì í yí padà kíákíá bí RNA, ìyípadà tí a retí lára mpox lọ́dún kò sì ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n rí ju èyí lọ fíìfíì, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn sì jẹ́ oríṣi kan náà. Sẹ́ẹ̀lì ènìyàn ní ohun ìjà kan tí wọ́n ń pè ní APOBEC3, tí ó ń ba DNA fáírọ́ọ̀sì jẹ́ nípa yíyí lẹ́tà C padà sí T ní àwọn ibi kan pàtó. Nígbà tí fáírọ́ọ̀sì bá sì kọjá nínú ara ènìyàn kan tẹ̀ lé òmíràn láìkú, àpá ohun ìjà yìí yóò máa pọ̀ lára rẹ̀. Mpox tí ó tàn káyé kún fún àpá wọ̀nyí, èyí tí ó jẹ́rìí pé ó ti ń ti ara ènìyàn bọ́ sí ara ènìyàn láti ọdún púpọ̀ sẹ́yìn. Ìwádìí tí Ẹdẹ kópa ńlá nínú rẹ̀, tí ó jáde ní 2025, fi jínómù láti Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ka ọjọ́ padà sẹ́yìn, ó sì fi hàn pé ní gúúsù Nàìjíríà, ní nǹkan bí oṣù kẹjọ ọdún 2014, ni baba ńlá ìran yìí ti wọ ara ènìyàn, tí ó sì ti ń tàn fún ọdún mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ká ní láàbù mélòó kan ní ìhà gúúsù náà ti ń ka jínómù egbò ara àwọn aláìsàn déédéé ní 2015 tàbí 2016 ni, abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ó ti wà nípamọ́ ní ilẹ̀ òkèèrè ì bá ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó nílò rẹ̀ kí àrùn náà tó gba orílẹ̀-èdè tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ.

Láti 2022 ni ọ̀pọ̀ ìjọba ti dín owó ìṣọ́ jínómù kù, níwọ̀n bí àwọn ènìyàn kò ti fi bẹ́ẹ̀ ṣe àyẹ̀wò Kòrónà mọ́. Ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń dí àlàfo náà ni kí wọ́n máa wá fáírọ́ọ̀sì nínú omi ẹ̀gbin tí ń ṣàn láti ilé àwọn ènìyàn, tàbí láti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú, èyí tí kò nílò kí ẹnikẹ́ni lọ sí ilé ìwòsàn. Báyìí ni wọ́n ṣe rí ẹ̀yà BA.2.86 ní oṣù kẹjọ ọdún 2023: lára aláìsàn díẹ̀ ní Ísírẹ́lì àti Dẹ́ńmáàkì, lára arìnrìn-àjò kan tí ó ti Jàpáànì dé Amẹ́ríkà, àti nínú omi ẹ̀gbin. Ọmọ rẹ̀, JN.1, ti gba gbogbo ayé kí ọdún 2024 tó jìnnà. Ọgbọ́n omi ẹ̀gbin kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún ìlú tí kò ní ojú ìṣàn tí ó so ilé pọ̀, tí ṣáláńgá àti kòtò ìdọ̀tí ilé kọ̀ọ̀kan sì wọ́pọ̀, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá. Níbẹ̀, odò kékeré àti gọ́tà ńlá tí omi àdúgbò ń dà sí ni àwọn onímọ̀ gbọ́dọ̀ yàn pẹ̀lú ìfarabalẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe fún rọpárọsẹ̀.

Ibi tí gbogbo iṣẹ́ yìí ti ń kan ara ẹni tí kò mọ̀ nípa rẹ̀ rárá ni inú ìgò abẹ́rẹ́ àjẹsára. Láti 1952 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní ẹgbẹ́ àwọn láàbù tí ń ṣọ́ fáírọ́ọ̀sì flu, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n sì ń pàdé, ní oṣù kejì fún ìlàjì ayé ti àríwá àti ní oṣù kẹsàn-án fún ti gúúsù, láti yan àwọn ìran tí abẹ́rẹ́ ọdún tí ń bọ̀ yóò dojú kọ. Ti Kòrónà ti ń gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀: ní 2023 àwọn onímọ̀ àjọ náà ní kí wọ́n fi ẹ̀yà XBB.1.5 ṣe abẹ́rẹ́ tuntun, ní 2024 wọ́n ní kí ó jẹ́ JN.1. Jínómù tí ó wà níwájú wọn ni wọ́n fi ń pinnu. Ìran tí ó bá ń tàn ní ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti ka jínómù kò sí lára ohun tí wọ́n ń gbé yẹ̀ wò lọ́jọ́ náà.